Ère Tí Mo Wé Sínú Táwẹ̀lì

Ère Màríà kan wà lórí tábìlì kékeré nínú yàrá wa ní Dichemso, nílẹ̀ Ashanti, ní gbogbo ọdún tí èmi àti ìyàwó mi fi jọ gbé. Kò ga ju ìgò omi lọ. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìyàwó mi. Díákónì ni mí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bí àwọn ará ìjọ mi bá ń bọ̀ wá kí wa, màá wé ère náà sínú táwẹ̀lì, màá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ti lọ, ìyàwó mi á gbé e jáde, á sì ká táwẹ̀lì náà síbi tó yẹ. Kò bá mi jà sí i rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la jiyàn gidi lé e lórí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nígbà náà. À ń ti ọjà Asafo bọ̀, iṣu wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń kúnlẹ̀ níwájú ère bí abọ̀rìṣà.

Ó ní, "Tíṣà," torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, "nígbà tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi ní Ashanti New Town, tí iwájú agbádá yín kó eruku, ṣé ẹ̀ ń bọ wọ́n ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Bàbá rẹ kì í ṣe amọ̀."

"Ẹ ò mọ bàbá mi. Amọ̀ rọ̀ jù wọ́n lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ ọ́ fún mi. "Ọlọ́run nìkan ni mò ń sìn. Màríà, mò ń bu ọlá fún un torí òun ló bí Olúwa, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bẹ Ọmọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ní àwọn ò fẹ́ yín, ṣebí ìyá mi lẹ lọ bá kí wọ́n bá yín bẹ̀ wọ́n? Ta ló wá fún yín níyàwó?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìsìn àti ọ̀wọ̀ kí n tó bi í. Ojú àwọn díákónì ẹlẹgbẹ́ mi ni mò ń bẹ̀rù.

Ní ọdún tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ará ìjọ mi wá gbàdúrà fún un. Mo ti gbé ère náà pamọ́ kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n ṣe jáde, ó nawọ́ sí orí tábìlì tó ṣófo.

"Ẹ bá mi gbé e padà, kí n máa rí i."

Mo ní àwọn kan ṣì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kó ní sùúrù díẹ̀.

"Ɛnyɛ hwee," ó fi Twi dá mi lóhùn pé kò sí nǹkan kan, bó ṣe máa ń sọ bí kò bá fẹ́ wàhálà. Ó kọjú sí ògiri.

Àwọn ará ìrọ̀lẹ́ wá, wọ́n sì lọ. Mi ò gbé e jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló kú.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Accra bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà bóyá Màmá rí ère wọn kí wọ́n tó lọ. Mo ní wọ́n rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni. Mi ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe ọmọ wa náà, mo sì jẹ́wọ́.

"Màmá pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Dádì. Wọ́n ní àlejò ló wà lọ́dọ̀ yín, kí n má bá yín wí, pé bí àwọn àlejò náà bá ti lọ, ẹ máa gbé e wá fún àwọn."

"Kí ló dé tí o tún fi bi mí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ gbé e. Nígbà tí ẹ ní wọ́n rí i, mo gbà yín gbọ́."

Mo di fóònù mú, mo rìn lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ṣí i.