Ìró Afẹ́fẹ́ Táyà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbun

Nígbà tí mo kéré, tí eyín iwájú mi ti yọ tí tuntun kò sì tíì hù tán, ọkọ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ràn jù láyé, òun náà ni mo sì bẹ̀rù jù. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn láti Jos dé Àbújá, tí ẹ ó kàn jí béèrè bóyá a ti dé, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ irú ìbẹ̀rù tí mò ń wí?

Lándírófà ni ọkọ̀ náà. Àwọn òyìnbó tó ń wa tánganran lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti lò ó gbó kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, àdúgbò Gangare ní Jos la sì ń gbé nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa kó àwọn obìnrin oníṣòwò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Jos lọ sí ọjà kan nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ọṣẹ, tí wọ́n sì ń ra iṣu àti ẹ̀pà bọ̀. Ìyá mi wà lára wọn. Bí ilé-ìwé bá ti wà ní ìsinmi, èmi náà á tẹ̀lé wọn.

Ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà bá parí sí, òkúta ló kù. Ògiri òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọ̀gbun tó jìn débi pé àwọn igi ńlá tó wà nísàlẹ̀ dà bí ewébẹ̀ lójú wa. Kí a tó wọ ibẹ̀, bàbá mi á dá ọkọ̀ dúró, á bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Ètò yẹn ni mo fẹ́ràn. Á yí ìdérí tó wà ní àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa tiwájú àti tẹ̀yìn pa pọ̀. Á kó gbogbo ẹrù tó bá wúwo kúrò lórí ọkọ̀, á tò wọ́n sí abẹ́ ẹsẹ̀ wa nínú ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá wúwo, wẹ́rẹ́ báyìí ló ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìṣó kékeré kan, á fi tẹ ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ á sì máa tú jáde: ṣíìì.

Kò ní géèjì kankan tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Gìgísẹ̀ ló fi ń ta táyà wò, á bẹ̀rẹ̀, á wo bí ikùn rẹ̀ ṣe tẹ̀ sílẹ̀, á tún tú díẹ̀ sí i. Ó máa ń sọ fún mi pé táyà tó bá rọ̀ ló ń di òkúta mú, pé èyí tó bá le, fífò ló ń fò lórí òkúta. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe bọ̀. Àfi tí a bá padà dé orí ọ̀dà kó tó gbé pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ rẹ̀ jáde, kó máa fi òógùn fẹ́ wọn padà, kó sì máa bú àwọn òyìnbó tí kò ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Ìyá àgbà kan tẹ̀lé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ọṣẹ ní àdúgbò Ali Kazaure. Kò bá wa rin ọ̀nà yẹn rí, oorun ló sì ń sùn láàárọ̀ nígbà tí bàbá mi ń tú afẹ́fẹ́ táyà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì lawọ́. Òun ló fún mi ní kúlíkúlí jẹ títí ẹnu fi ń dùn mí. Nígbà tí ọjà fẹ́ tú, bàbá mi lọ kírun, òjò sì ti ṣú. Ìyá àgbà wo ọkọ̀, ó rí i pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àánú bàbá mi ṣe é. Ó rò pé wọ́n ti jò, pé òjò á ká awakọ̀ mọ́ ìdí wọn. Ló bá pe ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ní kó bá òun fẹ́ gbogbo wọn kí wọ́n le dáadáa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú ẹni tó ń ṣoore tí kì í kéde rẹ̀ ni. Èmi àti ìyá mi wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣu, a ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀ tán la tó gbọ́.

Ìgbà tí bàbá mi fi máa dé pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ kírun, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká yára. Ó ti tọ́jú táyà rẹ̀ láàárọ̀, kí ni yóò tún máa wò lára wọn? A wọlé, a gbéra.

Láti ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ ti ń ta. Orí mi ń gbá òrùlé, ẹ̀pà ń fọ́n káàkiri. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń kùn pé kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí lónìí. Òjò dá, ṣùgbọ́n òkúta ti tutù, ó ń yọ̀. Ibi tí ọ̀nà ti há jù lọ la dé tí ẹsẹ̀ iwájú fi fò lórí òkúta kan, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì yọ̀ gbìrì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun. Ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí, ojú fèrèsé kejì kò fi ilẹ̀ hàn mí mọ́, orí igi ló fi hàn mí.

Bàbá mi yọ orí lójú fèrèsé, ó wo táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé táyà náà le gbáú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, èyí ló sì dẹ́rù bà mí jù, nítorí aláriwo èèyàn ni.

“Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ o. Ẹ rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ òkè, gbogbo yín. Wàláhì, ìwọ̀n yín ló mú ọkọ̀ yìí dúró.”

A sún. A há mọ́ ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí òjò ká mọ́ abẹ́ ìbòòji. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà kò ṣeé gbára lé mọ́, ẹsẹ̀ bàbá mi lórí bíréèkì ló kù. Kò lè gbé e kúrò. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ tú afẹ́fẹ́ táyà, kí ọkọ̀ tó lè rí òkúta dì mú. Ó mú ìṣó náà jáde, ó nà án sí ìyá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ti ẹ̀gbẹ́ òkè ni kó o kọ́kọ́ ṣe,” ló wí, “kí ọkọ̀ lè fara ti òkè. Ti ọ̀gbun ló kẹ́yìn.”

Ìyá mi yìí, kì í gun àkàbà. Bí aṣọ bá há sórí òrùlé, ọmọ aládùúgbò ló máa ń bẹ̀. Ó wo ìṣó, ó wo bàbá mi, ó ní, “Ẹ má gbé ẹsẹ̀ yín o.” Ó tún ìró rẹ̀ ró le, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, mo ń rí gèlè rẹ̀ lójú fèrèsé, ọkàn mi sì fara balẹ̀ díẹ̀. Ṣíìì. Ọkọ̀ rọra tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òkè. Ṣùgbọ́n ó yípo iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí àyè tó wà láàárín táyà àti ọ̀gbun kò ju ibi tí ewúrẹ́ lè dúró sí. Bí ọkọ̀ bá tún yọ̀ díẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Bàbá mi ń rí i níbi táyà iwájú. Nígbà tó dé ti ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́ nínú wa.

Ìró afẹ́fẹ́ yẹn nìkan ló kù fún mi. Ṣíìì. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń dún, mo mọ̀ pé ìyá mi wà láyé. Mo di ìjókòó mú, n kò mí dáadáa, kí èémí mi má baà bo ìró náà mọ́lẹ̀.

Ó dákẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́, ó ń lọ, ó ń lọ, a ò gbọ́ ìgbà tó dé ilẹ̀.

Mo kígbe pé, “Màmá!” Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Bàbá mi kò lè yí ẹ̀yìn wò. Mo rí itan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí bíréèkì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rù tó bà mí tẹ́lẹ̀ kéré sí èyí. Mo tún kígbe, mo kígbe títí ohùn mi fi ya.

Ohùn kan wá láti abẹ́ wa, ó wá díẹ̀díẹ̀. “Mo wà ńbí.”

Òkúta ló yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin abẹ́ ọkọ̀ ló dì mú. Ṣíìì, afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. N kò dákẹ́ mọ́. Màmá? Mo wà ńbí. Màmá? Mo wà ńbí o. Mi ò jẹ́ kó sinmi, kò sì fi ìgbà kankan bínú dá mi lóhùn, títí ó fi parí tó sì ti òkúta ńlá kan sẹ́yìn táyà. Bàbá mi wá ṣáná sí ọkọ̀, ó fi í sí jíà tó kéré jù. Táyà rọ̀ mọ́ òkúta, ó dì í mú. A gùn ún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

Nígbà tí a dé ibi tó tẹ́jú, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ìyá mi fẹsẹ̀ rìn dé bá wa, orúnkún rẹ̀ ti bó, ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi béèrè ta ló fẹ́ táyà òun.

“Háábà, awakọ̀, èmi ni o,” ni ìyá àgbà wí. “Mo rò pé wọ́n ti jò ni.” Ló bá bú sẹ́kún.

Bàbá mi dìde nínú ẹrẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, ìyá.” Títí di òní n ò mọ̀ bóyá ìbínú ló fi sọ ọ́ tàbí àárẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí a bá ti dé ọjà, ẹ̀gbẹ́ táyà ni ìyá àgbà máa ń pàtẹ ọṣẹ rẹ̀ sí. Bí ọmọ kan bá fọwọ́ kan táyà, bàtà rẹ̀ ni yóò fi lé e.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ kékeré ń gbà á kọjá, ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù lójú ọ̀nà lóde òní kì í ṣe òkúta mọ́. Ohun tí a fi ń wá oúnjẹ láyé ọjọ́sí, òun ni ẹ̀yin wá ń fi ṣeré. Ọmọ ọmọ mi ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ ga dé àyà mi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e lọ gun àpáta lópin ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹrù, kò sí ọjà, wọ́n á kàn gùn ún, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Ó ní géèjì, ó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà fúnra rẹ̀. Bàbá mi ìbá jó.

Láìpẹ́ yìí ló ń múra ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú ọgbà wa ní Tudun Wada, ní Jos níbí. Mo jókòó sí ìloro. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú afẹ́fẹ́ táyà, ọwọ́ mi sì di àga mú fúnra rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí fún un rí, ṣùgbọ́n mo rò pé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, nítorí Háúsá ló fi ń lálàá, Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó. Ó ṣe ti iwájú, ó yípo lọ sí ẹ̀yìn, n kò rí i mọ́. Ṣíìì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

N kò tíì la ẹnu. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ina nan, Màmá.” Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan tó ti fi pamọ́ síbìkan. “Mo wà ńbí.”

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.