Ọmọ Ogun Róòmù ní Abu Shagara

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbá lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ìkirè. Mo di dòdò Ìkirè sínú ewé, mo tún fi ọ̀rá wé e, nítorí pé Bọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, ti sọ lórí fóònù pé bí n kò bá gbé e dání, kí n má wulẹ̀ wá. Bàtà ọmọdé ni mo sọ fáwọn ará ilé pé mò ń lọ rà ní ọjà Deira, ní Dubai, òótọ́ sì ni, òwò mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó lé mi jáde gan-an ni pé àdéhùn iṣẹ́ Bọ̀dá Múfú ti fẹ́ẹ́ parí. Mo fẹ́ kó wálé kó tó fọwọ́ sí òmíràn.

Nígbà tí mo ra bàtà tán ní Deira, tí mo ti kó o fún àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Dírámù méjìlá ni owó ọkọ̀. Iwájú ni àyè àwọn obìnrin, ọkùnrin kan kò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ìgúnpá gún wa nídìí mọ́tò nílé, ẹ̀rín pa mí. Mo ṣì ń yan ìjókòó lọ́wọ́ nígbà tí awakọ̀ pariwo pé, "Yalla, sister, yalla!" Ìyẹn ni pé kí n yára. Ọ̀nà wọn tẹ́jú, kò ní kòtò kan, síbẹ̀ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ mú wa títí òòrùn fi rọlẹ̀.

Ilé ìtajà ọkọ̀ kan ládùúgbò Abu Shagara ni Bọ̀dá Múfú ń ṣọ́ lóru. Bedspace ló ń gbé: ibùsùn ni wọ́n ń háyà níbẹ̀, kì í ṣe yàrá, aṣọ ìkélé sì ni ògiri. Obìnrin kò lè wọ yàrá àwọn ọkùnrin, nítorí náà ilé tíì tó wà nísàlẹ̀ la jókòó sí. Karak ni wọ́n ń pe tíì wọn, wọ́n máa ń fi wàrà àti èròjà sè é títí yóò fi ki, dírámù kan ni ife kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Ó tú ewé dòdò náà, ó gbé e símú, ó pẹ́ kó tó fi kan ẹnu.

Ó ní ìtàn kan lòun ń kọ sórí fóònù, lédè Yorùbá, òun ló ń lé oorun lójú òun lẹ́nu iṣẹ́. Ayé àtijọ́ ni, nígbà tí Róòmù ń jọba. Ọmọ ogun kan, adúláwọ̀, ń ṣọ́ odi ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn, níbi tí iwin ti ń jáde láti inú kùrukùru. Ó mu omi àwọn iwin, ó sì gbàgbé ilé. Kó tó lè wọ ìlú rẹ̀ padà, ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ fi oríkì tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré pè é lẹ́nu ibodè. Gbogbo Jímọ̀ ló ń kà á fáwọn Yorùbá tí wọ́n jọ ń gbé.

Ó kà á fún èmi náà. Ọ̀gágun Róòmù wọlé, gbogbo ọmọ ogun dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀dá, ṣé àwọn ará Róòmù máa ń dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé tèmi. Àbí wọn ò lóbìí tó kọ́ wọn ni?"

A rẹ́rìn-ín títí, bá a ṣe máa ń rín in nínú ilé ìdáná Màámi. Àárò ìgbà yẹn sọ mí gan-an.

Ìtàn náà dúró lẹ́nu ibodè. Mo bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó máa pè é."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé."

"Kí n wálé wá bá ta? Bàbá ti lọ. Màámi lọ, mi ò ráyè wá sin wọ́n. Gbogbo ẹni tó lè pè mí ní Àyìndé ti wọlẹ̀ tán. 'Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀, kí lẹ mú bọ̀?' ni mo máa gbọ́. 'My friend' ni wọ́n ń pè mí níbí. Kí ni ìyàtọ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbúrò kì í fi oríkì pe ẹ̀gbọ́n. Àgbà ló ni ín. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé tíì yẹn, lójú gbogbo àwọn ará Íńdíà tó ń mu tíì.

"Àyìndé."

"Rísí! Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Ikú ni. Àwọn tó ni ín ti lọ, ó ti kù sí mi lọ́wọ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Tún un pè," ó ní. Mo tún un pè. Onílé tíì sáré wá: "Madam, problem?" Bọ̀dá Múfú nu ojú, ó ní ó ti parí: "Khalas, habibi, no problem."

Inú mi dùn wálé, mo ti gbà pé ó ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo dé Ìkirè, n kò tíì jẹun tí mo fi gbá yàrá rẹ̀, tí mo yí ẹní padà. Kò pẹ́ ni ìparí ìtàn náà wọlé sórí fóònù mi: àbíkẹ́yìn ilé ló jáde wá pe ọmọ ogun náà, ibodè sì ṣí. Mo pè é kíákíá, mo béèrè ìgbà tó ń bọ̀.

Ó ní, "Rísí, mo ti sign ọdún méjì míì."

Ó dùn mí wọra, mo sunkún. Mo rò pé asán ni ìrìn àjò náà já sí. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé a kì í fi okùn fa èèyàn wálé bí ẹran, àti pé ohun tí òkú gbé kalẹ̀, alààyè kan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Láràárọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń pè é, mo sì máa ń kì í kí n tó kí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun wà lójú rẹ̀. Mo ní, "Àyìndé." Ó ní, "Hẹn, Màámi."

N kò sọ fún un pé èmi ni.