Iná Tó Ń Làágùn

"Jẹ́ kó mí!" Bàbá ìyàwó mi kì í kí mi tán kó tó wí bẹ́ẹ̀, tó bá ti rí ìrì nínú iná iwájú ọkọ̀ mi. Á ṣí ìdérí ẹ̀yìn iná náà, á ní kí n kọjú ọkọ̀ sí oòrùn.

Ó ti fi gọ́ọ̀mù dí ihò ẹ̀yìn iná tirẹ̀ rí, kí òjò má baà wọlé. Ọ̀rinrin há sínú rẹ̀, iná di bàìbàì, bàbá sì fi ọkọ̀ kọlu aládùúgbò rẹ̀ ní ìdájí lọ́nà Idigny. Ọkùnrin náà ń tiro dòní.

Àràárọ̀ ni bàbá ń lọ nu iná alùpùpù aládùúgbò náà. Lánàá, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀rẹ́, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ó ti gbẹ."

"Ó ṣì tutù," ni bàbá wí, ó tún ń nu gíláàsì gbígbẹ.