Ọmọ Tẹlifóònù Kì í Jìnnà sí Ìyá Rẹ̀

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, nígbà tí àwọn awakọ̀ ń sùn ti ilé epo, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifóònù ní àdúgbò wa ní Òrè, ilé náà sì ni mo ń gbé. Pákó ni onílé wa ń tà. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Èyí tó jókòó sórí tábìlì ní pálọ̀, tí wáyà so mọ́ ògiri, ìyá là ń pè é. Èyí tí kò ní wáyà, tí a lè gbé dání jáde, ọmọ ni. Màmá onílé kì í ṣahun rárá. Bí ìpè ẹnikẹ́ni bá wọlé, wọn á gbé ọmọ jáde fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ojúlé jọ ń lò ó, gbogbo ojúlé sì jọ ń gbọ́ ohun tí oníkálukú ń sọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi wà. Láti kékeré, bí ẹni méjì bá ti wò mí pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi á wọnú lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó mú mi wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òrè. Bàbá mi wà ní Omifunfun nídìí kòkó. Wọ́n ti gbà fún àgbẹ̀ kan ní Ajue pé kó fi mí ṣaya, àwọn ẹbí ọkùnrin náà yóò sì gbé ẹrù ìdána wá lẹ́yìn ìkórè. N kò fẹ́ ọkùnrin náà, n kò sì lè sọ ọ́ lójú bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń wọ bàbá mi létí. Mo fẹ́ kó bá mi sọ ọ́ kí ẹrù tó dé. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ló máa ń pè, láti ibi tí wọ́n ti ń tò láti lo tẹlifóònù, kò sì lè pẹ́.

Ìyá onígàrí tó háyà yàrá tó dojú kọ tèmi, àbúrò bàbá ọkùnrin ará Ajue náà ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìjókòó rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ti rí mi, á ní, "Ìyàwó wa, jẹun dáadáa o. A ò lè gbé eegun lásán délé." Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi á wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọmọ fún mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń béèrè àlàáfíà mi, mo rí i tí ìyá onígàrí dáwọ́ ẹ̀gúsí tó ń bó dúró. Mo dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sẹ́yìnkùlé. Lójú tèmi, ohun tí okùn kò so, ibo ni kò lè dé? Nígbà tí mo kọjá ilé ìdáná, ohùn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àkàrà nínú epo. Ní ẹ̀bá kànga, ó kú. Mo gbọn ẹ̀rọ, mo fi sí etí kejì, mo sáré padà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Màmá onílé ní, "Ta ló ní kó o gbé e dé kànga? Ọmọ kì í jìnnà sí ìyá rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, iná lọ bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bí iná kò bá sí, ìyá kò lè mí, ọmọ náà kò sì lè mí. Mo jókòó, mo ń wo gílóòbù títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná dé, kò sì sẹ́ni tó pè wá.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kòkó ti ń gbẹ lórí ẹní. Mo pinnu pé n kò ní kúrò ní pálọ̀. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, tírélà ń kọjá lójú títì, ìyá onígàrí sì ti wọlé wá kí màmá onílé. Mo kọjú sí ògiri, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ. Ó ní òun ò gbọ́, kí n sọ ọ́ sókè, àwọn tó tò sẹ́yìn òun ti ń pariwo.

Inú bí mi. Ó bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, ó bí mi sí ẹ̀rọ, ó bí mi sí tírélà.

"Mo ní n ò fẹ́ ẹ! Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé n ò fẹ́ ará Ajue yẹn."

Ìpè já. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Onílé wa ti dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ìyá onígàrí tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ó dáa. Ará Èkó lè má gbọ́. Àwa tí a wà níbí ti gbọ́."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gun alùpùpù lọ sí Ajue. Ajue ni ọ̀rọ̀ gbà dé Omifunfun. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wálé, mọ́tò kò rí epo rà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi dé, eruku bò wọ́n látòkè délẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọn kò bi mí nípa ọkùnrin náà. Wọ́n fi èdè Ìkálẹ̀ wa bi mí bóyá Omifunfun jìnnà sí Òrè. Mo ní kò jìnnà.

"Kò jìnnà. O wá lọ sọ ọ́ fún Èkó. Ẹnu àwọn tó wá bínú sí mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbọn eruku rẹ̀.

"Kò sí ẹ̀rọ láàárín èmi àtìwọ níbí. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ìyá onígàrí wà ní ìjókòó rẹ̀, ó ń jọ gàrí. Mo wo ẹsẹ̀ bàbá mi, mo sì sọ ọ́. Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Bàbá mi ní àwọn á lọ bẹ àwọn ẹbí ọkùnrin náà ní Ajue, àwọn á sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ẹrù wá mọ́. Wọ́n ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ àgbàlagbà.

Mo bu omi fún wọn. Wọn kò mu ún. Wọ́n pe ọlọ́kadà wọn, wọ́n sì lọ.