Owó Tó Lé Nínú Àpótí Bàbá Akápò

Owó tó dín kì í da ọ́dítọ̀ ìjọba láàmú. Owó dín, o wá ẹni tó kó o, ó parí. Owó tó bá lé gan-an ni wàhálà, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa ní tiẹ̀ nígbà tí mo wọṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Iṣẹ́ wa ni kí a máa yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò, láti inú ìlú Ìlọrin dé abúlé, kí ìjọba lè mọ̀ pé owó tí àwọn èèyàn ń dá jọ wà níbi tí wọ́n ní ó wà. Ọ́fíìsì wa ò jìnnà sí Post Office, èmi sì gba yàrá kan ní Ṣàngó. Ọmọ tíṣà ni mí, láti Ọ̀mù-Àrán. Bàbá mi kì í fi ìṣirò ṣeré rárá; ẹni tó bá ṣi ìṣirò nílé wa, oúnjẹ rẹ̀ á tutù kó tó rí i jẹ. Bí mo ṣe gbójú lé ìṣirò mi ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn, ẹnu mi sì tún mú bí abẹ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán mi lọ yẹ ìwé wò lọ́run, màá rí àṣìṣe mú bọ̀. Èmi rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ní oṣù Jánúárì ọdún kan, wọ́n rán mi lọ sí ẹgbẹ́ kan ní abúlé lẹ́yìn ìlú. Èèyàn á wọkọ̀ ní Ipata, ọkọ̀ á já a sójú títì, á wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, oníkálukú sì ń dá náírà mẹ́wàá lóṣù. Wọn kì í fi owó náà yá ẹnikẹ́ni, torí èlé ni wọ́n ń sá fún. Ribà ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni lójú wọn. Ohun tí wọ́n ń dá owó jọ fún ni ẹ̀rọ tó ń pa àgbàdo. Wọ́n ti dá a fún ọdún mẹ́ta gbáko, báńkì sì ní àwọn ò ní kó owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ àfi tí ìjọba bá fọwọ́ sí ìwé wọn.

Bàbá arúgbó kan ni akápò wọn. Kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó ka Kùránì, ẹ̀yìn Ìmáàmù gan-an ló sì máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń kírun Jímọ̀. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó máa ń wà. Bí owó bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú àpótí, á gbé e wá sí báńkì ní ìlú fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé ibẹ̀, ni akọ̀wé. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní: orúkọ kọ̀ọ̀kan, oṣù kọ̀ọ̀kan, láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà, "ó san, ó san, ó san." Inú mi dùn sí i. Mo ní ká ní gbogbo ẹgbẹ́ rí báyìí, ara ì bá tù wá.

A jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo ẹgbẹ́ yí mi ká. Mo ro owó èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún oṣù mẹ́rìndínlógójì. Mo ro èyí tó wà ní báńkì mọ́ èyí tó wà nínú àpótí. Ó lé. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé mẹ́wàá ni mi ò rí ibi tó ti wá. Mo tún un rò, ó tún lé. Wọ́n ti gbé wàrà díndín fún mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo bi akọ̀wé. Ó ní òun kì í ka owó. Ní ìparí ọdún, òun á bi Bàbá bóyá ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè, Bàbá á ní rárá, òun á wá kọ "ó san" yíká. Mo yíjú sí Bàbá. Ó ní ohun tí wọ́n fún òun lòun kó sínú àpótí, òun ò fi nǹkan kan kún un. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, owó kì í bímọ nínú àpótí. Àbí ẹ̀ ń fi yáni, tí wọ́n ń san èlé fún yín?"

Lójú tèmi, ìbéèrè iṣẹ́ ni mo béèrè. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ribà kan arúgbó tó ń kírun lẹ́yìn Ìmáàmù, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Kò bá mi jà. Ó kàn ní Ọlọ́run rí òun, ó sì gbójú sílẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ọ́dítọ̀. Mo ti ka owó tó lé náà sọ́tọ̀ sórí ẹní, ni oníkálukú bá ń fìdí wọ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ní bó bá jẹ́ ribà, kó má kan òun. Ẹnìkan ní kí n gbé e fún ìjọba. Mo ní ìjọba ò rán mi ní irú ẹ̀. Òmíràn ní kí wọ́n fi ṣe sàráà. Wọ́n ní ta ló máa fi owó ribà ṣe sàráà? Nígbà tó yá, wọ́n mú igbá kan, wọ́n dé e mọ́ owó náà, wọ́n ní kó wà níbẹ̀ títí Ọlọ́run á fi ṣàlàyé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń lé owó, àwọn wọ̀nyẹn ni mo kọ́kọ́ rí tí wọ́n ń sá fún un. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ọjọ́rú nìyẹn. Ní Sátidé, mò ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà níwájú ilé ní Ṣàngó, ìyá onílé mi ń ṣa ẹ̀wà. Àlájà ni, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ń dúpẹ́ pé ààwẹ̀ á bọ́ sínú ọyẹ́ lọ́dún yìí, òùngbẹ ò ní gbẹ èèyàn púpọ̀. Ó ní ọdún tí òun wọlé ọkọ, àárín òjò ló bọ́ sí. Mo bi í bóyá kì í ṣe oṣù kan náà ni wọ́n máa ń gbà á lọ́dọọdún. Ló bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Oṣù tó ń lé lókè la fi ń ka tiwa. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọdún tiwa fi kúrú sí ti ìjọba."

Mo gbé àkàrà ọwọ́ mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọjọ́ mọ́kànlá lọ́nà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Odindi oṣù kan! Náírà mẹ́wàá lọ́nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, owó tó lé gan-an nìyẹn. Ojú tì mí débi pé mo dìde láìbo àwo oúnjẹ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí a gba káàdì ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò. Èmi ò gbà á. Wọ́n ní ilé ló wà, oòrùn sì ti ń lọ, ìwé tíṣà sì mọ́ lójú mi.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi owó ara mi wọkọ̀ padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Alága sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí mo ti lọ, Bàbá akápò ò dúró níwájú mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ló ti ń kírun. Kò sẹ́ni tó lé e síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é padà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń dáwó. Wọ́n ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí oṣù tuntun bá ti lé ni. Mo ní kí wọ́n lọ kó káàdì wá.

Ilé kéékèèké méjìlá, tí akápò ń fàlà sí bí èèyàn bá ti sanwó, ló wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ oṣù kankan níbẹ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ wò, káàdì mẹ́ta kún, wọ́n sì ti fàlà sí ilé kan nínú ẹ̀kẹrin: ìgbà mẹ́tàdínlógójì. Èkejì, bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀. Tíṣà káwọ́ lérí. Ọmọ abúlé náà ni, ó ń gba ààwẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń kọ Jánúárì sínú ìwé láìrò ó. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí igbá, wọ́n ń na ọwọ́ sí owó tí wọ́n ń sá fún.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ojú ta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní ojú gbogbo wọn.

"Ojú gbogbo wọn náà ni kí o ti kó o kúrò."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní Bàbá akápò ò jẹ èlé, kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni ò sí lọ́wọ́ wọn, èmi ni ò mọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń ka oṣù. Bàbá ní kí n gbé ohùn sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Mo pariwo rẹ̀. Ó ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí ẹní.

"Ọmọ yìí ò mọ̀ mí rí, ó sì padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré ńkọ́?"

Alága, tí òun náà ti darúgbó, ló kọ́kọ́ lóṣòó níwájú rẹ̀. Tíṣà tẹ̀ lé e. Ìyókù sì ń lóṣòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí orúnkún ń dùn ń di èjìká ara wọn mú. Mo kà wọ́n, iṣẹ́ mi ni. Ọgbọ̀n ni wọ́n, Bàbá nìkan ló jókòó. Ó wò wọ́n pẹ́. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi kọ́rùn padà, ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àgbàdo.