Ọjọ́ tí Màmá Tíṣà Fún Oníkọ̀ǹpútà ní Ìdánwò

Bí ẹ bá dé Ìyìn-Èkìtì tí ẹ sì bi wọ́n léèrè olóògbé Abọ́sẹ̀dé Ọlálérè, ọ̀rọ̀ ìdánwò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Nígbà ìdánwò náà, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà ni gbogbo ìlú ṣì ń pè é. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wọkọ̀ lọ sí Adó, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ajíbádé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjìgbò, ó jókòó, ó sì fa abala ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Mo fẹ́ ra SSD, háàdì ìgbàlódé tó ń pa nǹkan mọ́ yẹn, sí láptọ́ọ̀pù mi," ló wí. "Ìbéèrè mẹ́wàá rèé. Gbogbo rẹ̀ ni kí o dáhùn. Má wo fóònù o."

Ajíbádé rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó rò pé màmá ń ṣeré ni. Màmá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìṣẹ́jú kan ti lọ."

Ìbéèrè kìíní ni pé irú SSD wo ni yóò wọ láptọ́ọ̀pù òun: ṣé èyí tó pẹlẹbẹ bíi háàdì àtijọ́ ni, àbí èyí tó tín-ín-rín bíi ṣingọ́ọ̀mù? "Èyíkéyìí ni yóò wọ̀ ọ́, Mà," ni Ajíbádé dáhùn. Màmá mú bírò pupa. "O ò tíì tú ẹ̀rọ yẹn wò. Aláìsàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, o ti ń kọ oògùn."

Ìbéèrè kẹta ni pé báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Ajíbádé gbé àyà sókè: "Ojúlówó ni gbogbo ọjà mi." Bírò pupa tún sọ̀ kalẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn," ni màmá wí. "Ìpolówó ọjà ni."

Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó gbà. Màmá na ìwé náà sí i níwájú àwọn oníbàárà tó ń fọwọ́ bo ẹnu. "Lọ kà á dáadáa. Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín kì í sábà mọ ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni màmá fi ń ti ilé dé ilé ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti àwọn abúlé wọn, tó ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Ó ń gba orúkọ iṣu, orúkọ koríko, bí wọ́n ṣe ń ṣìpẹ̀ fún ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀, àní títí kan bí wọ́n ṣe ń búni. Ọ̀ọ́dúnrún ohùn ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kó jọ, púpọ̀ nínú àwọn tó ni ohùn náà sì ti kú. Bó bá ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn tó kọ "uṣu" tàbí "ulé" bí wọ́n ṣe ń pe iṣu àti ilé níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á fa ìlà pupa sí i nídìí. Wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń bá a wí pé, "Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ tíṣà?"

Ẹ̀rọ náà kì í tètè ṣí rárá. Bí màmá bá ti tàn án, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá di orí ọmọ karùn-ún, ẹ̀rọ á ṣí. Àbíkẹ́yìn máa ń ráhùn pé àdúrà tòun kì í gùn.

Nígbà tó yá, háàdì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹ̀bùnọlá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ádó, ní kí wọ́n kúkú ra láptọ́ọ̀pù tuntun. "Bí eyín kan bá ń dùn mí," ni màmá bi í, "ṣé orí ni wàá bá mi pààrọ̀?"

Ẹ̀bùnọlá bá ra SSD kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kiri. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, ó lè gba gbogbo ohùn tó wà ní Èkìtì. Màmá ṣe ẹ̀dà ogójì ohùn sínú rẹ̀ láti fi dán an wò. Orúkọ ogójì náà pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án péré ló dún: ayédèrú ni. Màmá yọ ọ́ kúrò, ó ní, "Orúkọ nìkan ló lè dá mọ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí." Ọjọ́ yẹn ló jókòó kọ ìbéèrè mẹ́wàá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ajíbádé ti kàwé. Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù, ó fi han màmá pé kò sí àyè fún onítín-ín-rín, pẹlẹbẹ nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ó mú ọ̀kan jáde tó ní ìwé ẹ̀rí pé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ kó nǹkan kún un dẹ́nu, òun yóò sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí òun tó gbé ohùn ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ó gba mẹ́sàn-án.

"Kí ni mo kùnà, Mà?"

"Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ò dáa."

Lẹ́yìn náà ni Ajíbádé fi pẹ̀lẹ́tù sọ òótọ́ tó kù. "Mà, háàdì yìí ti fẹ́ kú. Bí mo bá tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè má dìde mọ́." Màmá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀," ló wí. "Tàn án."

Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, wọ́n fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, màmá ò kúrò lórí àga. Nígbà tí kẹ́-kẹ́-kẹ́ náà wá le koko, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń gba ọmọ tó ń sáré ìje níyànjú. "Ó kù díẹ̀. Má wẹ̀yìn. Ó kù díẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nígbà tí háàdì dákẹ́ pátápátá, ohùn mẹ́ta péré ni kò tíì kọjá. Ti ìyá rẹ̀ ti kọjá. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn ṣì wà láyé, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, màmá ti lọ jókòó tì wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbogbo rẹ̀ sọ, ẹ̀rọ ò gbọ́." Ẹnì kẹta ti kú. Màmá fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tó rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Láti ìgbà náà, kó tó pe orúkọ àkọ́bí tán, láptọ́ọ̀pù ti ṣí. Ó pe Ajíbádé lórí fóònù, inú ń bí i. "Ìgbà wo ni kí n wá gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi báyìí?"

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, nígbà ọyẹ́, màmá sùn, kò jí mọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatóyìn wá bá Ẹ̀bùnọlá láti Ìgèdè. Ó ní òun gbọ́ pé ohùn ìyá ìyá òun wà nínú láptọ́ọ̀pù màmá. Ẹ̀bùnọlá wá ohùn náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́ kó dún. Ìyá arúgbó náà ló ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ́ màmá ní orúkọ ewébẹ̀ kan, màmá sì ń ṣì í pè.

"Rárá! Ṣé etí rẹ di ni? Tún un pè."

"Ẹ má bínú, Màmá. Mò ń gbìyànjú," ni Màmá Tíṣà bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà kẹrin ló tó pè é dáadáa. Àwọn méjèèjì inú ohùn náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn bí ẹ̀rín ọmọdé. Olúwatóyìn ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ẹ̀bùnọlá kò gbọ́ ọ rí kí ìyá òun bẹ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀kọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."