Wọ́n Ní Ìyá Mi Sọnù

Omi ọ̀sà Lomé tutù wọ egungun lọ́jọ́ tí wọ́n rì mí bọ inú rẹ̀ lórúkọ ìyá mi. Ìyá mi ti kú ní Atakpamé, ìlú wa, ní ọdún tó ṣáájú, nínú ìgbàgbọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ọ, èyí tó fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ìjọ tuntun tí èmi àti ọkọ mi wọ̀ kò ka ìyẹn sí. Aṣáájú wa, ọkùnrin kan tó ti ìhà Accra wá, sọ pé láti ìgbà tí àwọn àpọ́sítélì ti kú ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣìnà, pé áńgẹ́lì fi ọ̀rọ̀ tuntun rán òun, àti pé òkú tí kò bá gba ìrìbọmi tiwa ti sọnù, àfi bí ọmọ rẹ̀ bá gbà á fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ inú omi. Mo jáde, eyín mi ń gbá ara wọn, inú mi sì dùn bí ẹni tó ra ìyá rẹ̀ padà lóko ẹrú.

Kí n má purọ́, ayé ìjọ náà dùn. Gbọ̀ngàn wa wà ní Tokoin, ní òdìkejì ọ̀sà, nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. A kì í jẹ́ kí ebi pa ara wa. Bí obìnrin bá bímọ, a ó fọ aṣọ rẹ̀, a ó sebẹ̀ fún un. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Aṣáájú kọ́ wa pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ènìyàn rí, pé ọkùnrin tó bá pé yóò di ọlọ́run ní ayé tirẹ̀, aya tí wọ́n bá so pọ̀ mọ́ ọn nínú gbọ̀ngàn yóò sì jókòó tì í títí láé. Èmi tí ọbẹ̀ ṣì máa ń jóná mọ́ lọ́wọ́, mo ti ń ronú irú aṣọ tí ayaba odindi ayé kan ń wọ̀. Mo tún máa ń wo ọkọ mi níbi tó ti ń hanrun, mo ń rò ó pé báwo ni ẹni yìí yóò ṣe máa pàṣẹ fún oòrùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àbúrò ìyá mi fi wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí wa láti Atakpamé. Mo fi ìdùnnú ròyìn ìrìbọmi náà fún un. Ó gbé abọ́ oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi sọnù?”

“Aṣáájú wa ni, Ìyá.”

“Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ ni? Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó pe orúkọ Jésù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti délé ni ẹ wá ń wá kiri nínú omi.”

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo bi Aṣáájú pé, bí Ọlọ́run bá ti jẹ́ ènìyàn rí, ta ló dá a? Ó ní, “Madáàmù, ìbéèrè yìí ju orí obìnrin lọ.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ṣùgbọ́n oore ló ṣe mí, nítorí ó lé mi padà sídìí Ìyìn Rere tí mo ti kọ́ kíkà nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Bí ọkọ mi bá ti lọ sí wáàfù láàárọ̀, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa kà á. Mo ka ti olè tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwa. Kò ṣe ìrìbọmi, kò sí ọmọ tí yóò ṣe é fún un, ẹnikẹ́ni kò so ó pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn kankan. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ ni, Olúwa sì mú un wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sunkún, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Mo sọ ohun tí mo kà fún ọkọ mi, mo ní ó dà bí ẹni pé n ó kúrò nínú ìjọ náà. Ó ní, “O mọ̀ pé bí o bá lọ, wọ́n á ní ìdè wa ti já.” Mo ní mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe fi hàn lọ, nítorí mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ọ̀rọ̀ dé etí Aṣáájú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó pè mí síwájú gbogbo ìjọ pé kí n wá búra pé n kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Mo dìde, mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Bàbá, fún gbogbo ìtọ́jú yín,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n ìyá mi kò sọnù. Ẹni tó kú fún un ti gbà á là, iṣẹ́ Rẹ̀ kò sì kù síbì kan tí èmi yóò fi omi ọ̀sà parí. N kò lè búra.”

Aṣáájú kọjú sí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Arákùnrin, láti òní lọ o kò ní aya. A ó so ọ́ pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn.” Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi kọjá láìwo ojú rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá wò ó, n ó padà. Bàtà tí gbogbo wa máa ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, n kò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

Iyanrìn gbóná bí ààrò. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọ̀sà nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ mi ni, ó gbé bàtà mi lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

“Níwájú bàbá rẹ ni mo ti gbé ọ níyàwó,” ó ní. “Ta ni yóò wá sọ fún mi pé n kò ní aya?”

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Orin la kọ gba orí afárá kọjá, àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì ń wò wá bí ẹni tó mu ọtí sódábì yó.

Mo rò pé ìjọ míṣọ́n tí a ti kúrò tẹ́lẹ̀ yóò tún wa rì bọmi, tàbí kí wọ́n fi wá jókòó sẹ́yìn bí ẹni ìtìjú. Pásítọ̀ arúgbó tó ń fi èdè wa wàásù kàn bi wá bóyá a gba Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́, Ọlọ́run kan ṣoṣo. A ní a gbà. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bí ọmọ. Ẹ káàbọ̀ sílé.” Ọjọ́ tí mo tún gba oúnjẹ Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìjọ dìde, mo sì kọrin títí ohùn mi fi há.

Ó ti pẹ́. Ilé ti kún Tokoin, àwọn Faransé tó ń ṣèjọba nígbà náà ti lọ. N kò bínú sí àwọn tí a jọ wà nínú gbọ̀ngàn. Ìfẹ́ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn, ẹ̀kọ́ wọn ni kò dúró. Bí mo bá pàdé èyí tó kù nínú wọn lọ́jà, a máa ń kí ara wa, a ó béèrè àwọn ọmọ. Ọkọ mi darúgbó, ó di àgbà ìjọ, a sì sin ín ní ọdún tó kọjá. Níbi ìsìnkú ni aládùúgbò mi kan ti bi mí bóyá n kò bẹ̀rù pé ikú ti yà wá. Mo ní, “Ẹni tó ni ín ló mú un. Òun náà ló ni mí.” Mo sì bá àwọn akọrin gbé orin.